Ọwọ́ Ta Ni Iyọ̀ Wà?

Ọjọ́ Sátidé ni mo máa ń fọ aṣọ, mo sì ti sọ ọ́ di àṣà láti ìgbà tí mo ti wọ ilé ọkọ pé kí n tú gbogbo àpò ṣòkòtò wò kí n tó kó wọn sínú omi, nítorí pé bàbá àwọn ọmọ mi a máa gbàgbé owó ẹyọ, kọ́kọ́rọ́ àti ìwé oríṣiríṣi sínú àpò. Ní oṣù Èrèlé ọdún tó kọjá, ìwé pélébé kan ni mo bá nínú àpò rẹ̀. Wọ́n ká a sí mẹ́rin, ojú ibi tí wọ́n ti ká a sì ti ń gbó, èyí tó fi yé mi pé ó ti pẹ́ díẹ̀ níbẹ̀. Èdè Faransé ni wọ́n fi kọ ọ́. Lókè ìwé náà ni wọ́n kọ 162/100 sí, ìyẹn iye ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, tí wọ́n sì fa ìlà méjì sí i nídìí. Nísàlẹ̀, wọ́n ní kí ó dín iyọ̀ kù, kí ó máa ṣe eré ìdárayá, kí ó fọn díẹ̀, kí ó sì padà wá lẹ́yìn oṣù kan. Mo wo ọjọ́ tí wọ́n kọ sí i. Ó ti pé ọ̀sẹ̀ mọ́kànlá.

Ọ̀sẹ̀ mọ́kànlá gbáko ni mo fi se ọbẹ̀ fún un lẹ́yìn ọjọ́ náà. Èmi ni mo ń fọ́ kúùbù màgí mẹ́ta sínú ìkòkò, èmi náà ni mo tún ń bu iyọ̀ lé e lórí, tí mo sì ń tọ́ ọ wò títí yóò fi dùn lẹ́nu mi. Bàbá àwọn ọmọ mi kò mọ ibi tí agolo iyọ̀ wà nínú ilé ìdáná wa, síbẹ̀ òun ni wọ́n gbà nímọ̀ràn lórí iyọ̀. Ẹni tí iyọ̀ wà lọ́wọ́ rẹ̀ kò gbọ́ nǹkan kan.

Mo gbé ìwé náà lọ bá a níbi tó jókòó sí. “Bàbá Ìbejì, ìwé wo ni ẹ fi sápò láti ọjọ́ yìí?”

Ó wò ó, ó sì rẹ́rìn-ín díẹ̀. “Ìyá Ìbejì, ara mi le. N kò fẹ́ kí àyà rẹ já ni.”

Àyà mi já ju bí ì bá ti já lọ tí ó bá ti sọ fún mi ní ọjọ́ kìíní. Bàbá tó bí i lọ́mọ ṣubú lágbàlá lówùúrọ̀ ọjọ́ kan nígbà tó jẹ́ ẹni ọdún 58; apá ọ̀tún àti ẹsẹ̀ ọ̀tún kò sì gbéra mọ́ títí tó fi kú lẹ́yìn ọdún méjì. Gbogbo ilé ló mọ ìtàn yìí, ṣùgbọ́n oríṣiríṣi orúkọ ni a ti fi pe ohun tó pa á, títí kan àwọn orúkọ tí n kò lè kọ síbí kí àwọn ẹbí má baà bínú sí mi. Kò sí ẹni tó pè é ní ẹ̀jẹ̀ ríru, tàbí tánsíọ̀n gẹ́gẹ́ bí àwa ará Kétu ní Benin ṣe ń pè é.

Ojú tì mí pẹ̀lú, nítorí iṣẹ́ tí mo ń ṣe. Ẹ̀kọ́ SVT, ìyẹn ẹ̀kọ́ nípa ohun alààyè àti ilẹ̀, ni mo ń kọ́ àwọn ọmọ ní kọ́lẹ́ẹ̀jì. Lọ́dọọdún ni mo ń ya àwòrán ọkàn sára pátákó, pẹ̀lú yàrá rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ṣọ́ọ̀kì pupa fún ẹ̀jẹ̀ tó ń lọ sí ara, ṣọ́ọ̀kì búlúù fún èyí tó ń bọ̀, tí mo sì ń ní kí àwọn ọmọ dárúkọ iṣan kọ̀ọ̀kan. N kò bi ara mi rí pé báwo ni ọkàn tó wà nínú ilé mi ṣe ń ṣiṣẹ́. Láti ọjọ́ ìwé yẹn ni mo ti bẹ̀rẹ̀ sí í ka gbogbo ohun tí ọwọ́ mi bá tẹ̀ lórí àwọn ètò tí wọ́n ń ṣe káàkiri ayé láti ran àgbàlagbà tó wà nínú ewu lọ́wọ́ kí wọ́n lè yí ìṣe ojoojúmọ́ wọn padà kí àrùn ọkàn tó dé, mo sì ń bi gbogbo wọn ní ìbéèrè kan náà: ta ni ẹ bá sọ̀rọ̀?

Kí n kọ́kọ́ sọ ohun tí “ẹni tó wà nínú ewu” túmọ̀ sí, nítorí pé àwọn ènìyàn rò pé ẹni tí àyà ń dùn ni. Rárá o. Ẹni tí àyà ti ń dùn ti kọjá ẹnu ọ̀nà, ó ti wọlé. Ìwádìí kan tó bẹ̀rẹ̀ ní 1948 ní ìlú Framingham, ní ìpínlẹ̀ Massachusetts lórílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà, níbi tí wọ́n ti ń yẹ àwọn ará ìlú kan náà wò láti ọdún dé ọdún, wà lára àwọn tó fi yé ayé pé ẹ̀jẹ̀ ríru, ọ̀rá tó pọ̀ nínú ẹ̀jẹ̀ àti sìgá máa ń ṣáájú àrùn ọkàn, tí ara ẹni náà yóò sì máa le títí di ọjọ́ tí ohun gbogbo yóò yí padà. Ní 2004, ìwádìí mìíràn tí wọ́n pè ní INTERHEART, tí wọ́n ṣe ní orílẹ̀-èdè 52, tí ilẹ̀ Áfíríkà sì wà nínú wọn, fi hàn pé nǹkan mẹ́sàn-án péré ló wà nídìí bí ìdá mẹ́sàn-án nínú mẹ́wàá ìkọlù ọkàn àkọ́kọ́: sìgá, ọ̀rá inú ẹ̀jẹ̀, ẹ̀jẹ̀ ríru, àtọ̀gbẹ, ikùn tó yọ, ìrònú àti ìdààmú, àìjẹ èso àti ẹ̀fọ́ tó, àìlo ara, àti ọ̀nà tí ènìyàn ń gbà mu ọtí. Ìwádìí kan náà ló sọ pé bẹ́ẹ̀ ni ọ̀rọ̀ rí fún ọkùnrin àti obìnrin, ní gbogbo agbègbè tí wọ́n dé. Èyí ló mú mi fọwọ́ lé àyà, torí mo ti ń gbọ́ tipẹ́ pé àìsàn àwọn olówó àti ti òyìnbó ni.

Lórílẹ̀-èdè wa Benin, ìwádìí ìjọba tó wáyé ní 2015 fi hàn pé bí àgbàlagbà kan nínú mẹ́rin ló ní ẹ̀jẹ̀ ríru. Ẹ ka àwọn tó jókòó nídìí ayò ládùúgbò yín ní ìrọ̀lẹ́, kí ẹ sì pín wọn sí mẹ́rin.

Bàbá Ìbejì jẹ́ ẹni ọdún 51. Ó máa ń ta símẹ́ǹtì, irin àti páànù, èyí tó túmọ̀ sí pé àwọn ọmọ iṣẹ́ ni wọ́n ń gbé ẹrù, tí òun jókòó sórí àga láti òwúrọ̀ di alẹ́. Bí ó bá fẹ́ lọ sí ilé ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tí kò jìnnà ju ìrìn ìṣẹ́jú mẹ́wàá lọ, yóò pe zémìjàn, ọ̀kadà tiwa. Bàbá rẹ̀ ní tirẹ̀ ń rìn lọ sóko, ó sì ń rìn bọ̀. Àjọ Ìlera Àgbáyé tẹ àtẹ kan jáde ní 2019 tí òṣìṣẹ́ ìlera lè fi ṣírò ewu tó wà lórí ènìyàn fún ọdún mẹ́wàá tó ń bọ̀. Ẹ̀dà kan wà nínú rẹ̀ tí kò nílò kí wọ́n fa ẹ̀jẹ̀ ẹnikẹ́ni, nítorí pé ọjọ́ orí, bóyá ọkùnrin ni tàbí obìnrin, bóyá ó ń mu sìgá, ìfúnpá ẹ̀jẹ̀, gíga àti ìwọ̀n ara ti tó fún un. Ohun tí ẹnikẹ́ni lè ṣe lábẹ́ igi máńgòrò ni. Ní ibi tí wọ́n ti fún ọkọ mi ní ìwé yẹn, kò sí ẹni tó wọn gíga rẹ̀, kò sí ẹni tó béèrè ohun tó pa bàbá rẹ̀, ó sì ní ìjókòó náà kò tó ìṣẹ́jú márùn-ún. N kò ní dárúkọ ibẹ̀. Mo mọ bí èrò ṣe ń pọ̀ tó lọ́dọ̀ wọn.

Ẹ jẹ́ kí n padà sídìí ìkòkò mi. Àjọ Ìlera Àgbáyé ní kí àgbàlagbà má jẹ ju gíráàmù 5 iyọ̀ lọ lójúmọ́, èyí tí kò ju ṣíbí kékeré kan tí a fi ń po tíì lọ. Mo yá òṣùwọ̀n iyàrá ìdánwò ilé ẹ̀kọ́ wa, mo sì gbé e wá sílé ní ọjọ́ Àìkú kan láti wọn iyọ̀ kí n tó bù ú síbikíbi. Àwa mẹ́fà ni à ń jẹun nínú ilé. Ní ọjọ́ yẹn, gíráàmù 36 ni iyọ̀ tí mo bù sí oúnjẹ láti òwúrọ̀ di alẹ́. Kúùbù mẹ́fà ni mo fọ́, ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ gíráàmù 4, tí ó kéré tán ìdajì rẹ̀ sì jẹ́ iyọ̀ lásán, èyí tó fi gíráàmù 12 kún un. Ìyẹn ni pé gíráàmù 8 ló kan ẹnì kọ̀ọ̀kan, láìtíì ka búrẹ́dì tí wọ́n jẹ láàárọ̀, láìtíì ka àkàrà tí wọ́n rà lójú títì, láìtíì ka iyọ̀ tó wà lára ẹja gbígbẹ fúnra rẹ̀. Nígbà tí àwọn olùwádìí gba ìtọ̀ wákàtí 24 lọ́wọ́ àwọn ará Bohicon àti Tanvè lórílẹ̀-èdè wa láti mọ iye iyọ̀ tí wọ́n ń jẹ, bí ìlọ́po méjì iye tí Àjọ Ìlera fọwọ́ sí ni wọ́n bá. Nítorí náà, kì í ṣe ilé mi nìkan.

Bí mo ṣe jókòó tí mo ń wo òṣùwọ̀n náà, ohun tó wá sí mi lọ́kàn ni pé ìyá tó bí mi kì í lo màgí nígbà tí mo wà ní kékeré. Irú ló ń lò. A máa gún un pẹ̀lú ata àti alùbọ́sà, òórùn rẹ̀ yóò sì dé ojúde kí ọbẹ̀ tó hó. Kò sí ẹni tó jókòó láti sọ pé kí a fi irú sílẹ̀. Ńṣe ni kúùbù wọlé wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, ó pọ́n nínú bébà tó ń dán, kò wọ́n, kì í rùn lọ́wọ́, ọmọdé lè rà á níwájú ilé. Mo padà sídìí irú. Mo ń fi atalẹ̀ kún un, mo ń fi ẹfinrin kún un, mo ń jẹ́ kí alùbọ́sà pọ̀, mo sì ń dín ata kí omi rẹ̀ gbẹ dáadáa kí adùn rẹ̀ lè jáde. Kí ẹni tó bá fẹ́ ṣe bẹ́ẹ̀ kíyè sára o: àwọn aláte kan ń po iyọ̀ mọ́ irú kí ó má baà bàjẹ́, nítorí náà ẹ tọ́ ọ wò lọ́jà kí ẹ tó rà á.

Ìyá ọkọ mi ni ìṣòro àkọ́kọ́. Ní alẹ́ ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ yọ kúùbù kúrò, tí mo sì dín iyọ̀ kù ní ìdá kan nínú mẹ́ta, wọ́n fi òkèlè kan sẹ́nu, wọ́n sì wo ojú mi. “Ìyàwó mi, ṣé iyọ̀ ti wọ́n lọ́jà ni?” Àwọn ọmọ bú sẹ́rìn-ín. Mo ní, “Rárá, Ìyá, nítorí ara Bàbá Ìbejì ni.” Wọ́n ní ọmọ àwọn kò ṣàìsàn, ọbẹ̀ ló ṣàìsàn, torí pé ó tẹ́. Àṣìṣe mi ni mo rí lójú ẹsẹ̀: mo ti dín in kù lójijì. Ahọ́n a máa kọ́ ẹ̀kọ́, ṣùgbọ́n a máa gbà á ní ọ̀sẹ̀ mélòó kan, ẹni tó bá fẹ́ kọ́ ọ ní ọjọ́ kan ṣoṣo yóò gbé abọ́ ọbẹ̀ padà sílé ìdáná ní kíkún. Mo dá iyọ̀ padà sí bó ṣe wà tẹ́lẹ̀, lẹ́yìn náà ni mo wá ń yọ díẹ̀díẹ̀ kúrò ní ọ̀sọ̀ọ̀sẹ̀. Kò sí ẹni tó mọ̀.

Ní orílẹ̀-èdè Ṣáínà, ọ̀nà mìíràn ni wọ́n gbà. Nínú ìwádìí kan tí èsì rẹ̀ jáde ní 2021, ní abúlé 600, láàárín àwọn ènìyàn tó tó 21,000 tí púpọ̀ nínú wọn ti ní rọpárọsẹ̀ rí tàbí tí wọ́n jẹ́ àgbà tó ní ẹ̀jẹ̀ ríru, wọ́n fún ìdajì àwọn abúlé náà ní iyọ̀ tí wọ́n ti fi potásíọ̀mù rọ́pò ìdá kan nínú mẹ́rin rẹ̀. Rọpárọsẹ̀ dín kù ní ìdá 14 nínú ọgọ́rùn-ún láàárín àwọn tó jẹ ẹ́. Ohun tó wù mí nínú rẹ̀ ni pé wọ́n fún ìdílé ní iyọ̀ tí yóò tó gbogbo ilé, kì í ṣe aláìsàn nìkan. N kò rí irú iyọ̀ bẹ́ẹ̀ rà ní Kétu. Ẹni tí kíndìnrín rẹ̀ kò dá ṣáṣá, tàbí tó ń lo àwọn oògùn kan tó ń dá potásíọ̀mù dúró sára, kò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn án láìbéèrè lọ́wọ́ dókítà.

Nínú gbogbo ètò tí mo kà nípa wọn, ti North Karelia ní orílẹ̀-èdè Finland ni mo fẹ́ràn jù. Ẹ̀gbẹ́ ààlà Rọ́ṣíà ni agbègbè náà wà, òtútù ibẹ̀ kò ṣeé fi ẹnu sọ, iṣẹ́ igbó àti ti màlúù ni àwọn ènìyàn ibẹ̀ ń ṣe. Láàárín ọdún 1960 sí 1970, àwọn ọkùnrin ibẹ̀ tí wọn kò tíì darúgbó ń kú ikú àrùn ọkàn lọ́nà tó pọ̀ ju ti ọ̀pọ̀ ibi lọ lágbàáyé, títí tí àwọn ará ibẹ̀ fúnra wọn fi bẹ ìjọba pé kí ó gbà wọ́n. Ní 1972 ni ètò náà bẹ̀rẹ̀, dókítà ọ̀dọ́ kan tó ń jẹ́ Pekka Puska ni wọ́n sì fi ṣe olórí rẹ̀. Ohun tí wọ́n bá nílẹ̀ ni bọ́tà lórí búrẹ́dì, bọ́tà nínú ọbẹ̀, wàrà ọlọ́ràá nínú ife, iyọ̀ tó pọ̀, sìgá lẹ́nu, tí ẹ̀fọ́ sì jẹ́ oúnjẹ màlúù lójú ọ̀pọ̀ ọkùnrin.

Dókítà náà kò jókòó sí ilé ìwòsàn kí ó máa dúró de àwọn ọkùnrin yìí. Ó wá àwọn obìnrin lọ. Ẹgbẹ́ àwọn ìyálé-ilé kan wà níbẹ̀ tí wọ́n ń pè ní Martha, tó ti wà tipẹ́ kí ètò náà tó dé. Àwọn ni wọ́n ń kó ara wọn jọ lọ́sàn-án ní abúlé kọ̀ọ̀kan, tí wọ́n ń se oúnjẹ ìbílẹ̀ wọn lọ́nà tuntun, tí ọ̀rá àti iyọ̀ rẹ̀ dín kù, tí ẹ̀fọ́ rẹ̀ sì pọ̀ sí i, tí wọ́n sì jọ ń jẹ ẹ́. Wọ́n bá àwọn tó ń ṣe sọ́séèjì àti búrẹ́dì sọ̀rọ̀ kí wọ́n dín ọ̀rá àti iyọ̀ inú rẹ̀ kù. Nígbà tí àwọn ọlọ́sìn màlúù pariwo pé wọ́n fẹ́ gba oúnjẹ lẹ́nu àwọn, wọ́n ran àwọn kan lọ́wọ́ láti máa gbin èso kéékèèké tó ń hù nínú òtútù wọn. Nígbà tó fi máa di bí ogójì ọdún, ikú àrùn ọkàn láàárín àwọn ọkùnrin tí ọjọ́ orí wọn ṣì gba iṣẹ́ ti lọ sílẹ̀ ju ìdá 80 nínú ọgọ́rùn-ún lọ. Kì í ṣe ètò náà nìkan ló ṣe gbogbo rẹ̀, nítorí ìtọ́jú ilé ìwòsàn náà dára sí i láàárín ọdún wọ̀nyẹn, ṣùgbọ́n àwọn tó ṣírò rẹ̀ gbà pé ìyípadà nínú ọ̀rá ẹ̀jẹ̀, ẹ̀jẹ̀ ríru àti sìgá ló kó èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀.

Nígbà tí mo kà á dé ibi àwọn obìnrin Martha, mo pa fóònù mi, mo sì jókòó jẹ́ẹ́. Àwọn ni wọ́n dáhùn ìbéèrè mi.

Ní ìlú Los Angeles, ibi tí wọ́n ti ń gẹ irun ni wọ́n gba ọ̀ràn lọ. Ní ṣọ́ọ̀bù onígbàjámọ̀ 52 tí àwọn aláwọ̀ dúdú ń lọ, àwọn onígbàjámọ̀ ń wọn ìfúnpá àwọn oníbàárà wọn, àwọn apòògùn sì ń wá bá wọn níbẹ̀ láti fún wọn ní oògùn. Èsì jáde ní 2018: láàárín oṣù mẹ́fà, nọ́ńbà òkè ìfúnpá wọn wálẹ̀ ní ìwọ̀n 27, nígbà tí ti àwọn tí onígbàjámọ̀ kàn gbà nímọ̀ràn pé kí wọ́n tọ́jú ara kí wọ́n sì lọ rí dókítà wálẹ̀ ní 9. Ní Colombia àti Malaysia, ètò kan tí èsì rẹ̀ jáde ní 2019 ní kí aláìsàn kọ̀ọ̀kan yan ẹbí tàbí ọ̀rẹ́ kan tí yóò máa rán an létí oògùn àti ìṣe tuntun, àwọn òṣìṣẹ́ ìlera àdúgbò sì ń bẹ̀ wọ́n wò nílé. Ìyẹn náà ṣiṣẹ́. Àwa náà ní irú àwọn òṣìṣẹ́ bẹ́ẹ̀, àwọn rẹlé tí wọ́n ń kiri ilé nítorí ibà àwọn ọmọdé. Ẹ̀rọ ìfúnpá kan lọ́wọ́ wọn kì bá ti jẹ́ ẹrù.

Mo gbọ́dọ̀ sọ èyí tó bà mí nínú jẹ́ pẹ̀lú. Ní Amẹ́ríkà, wọ́n kó àwọn tó sanra tí wọ́n sì ní àtọ̀gbẹ jọ, iye wọn jẹ́ 5,145, wọ́n sì fi ọdún tó súnmọ́ mẹ́wàá ran ìdajì wọn lọ́wọ́ gidigidi kí wọ́n lè fọn. Wọ́n fọn lóòótọ́, oògùn tí wọ́n nílò dín kù, ṣùgbọ́n nígbà tí èsì jáde ní 2013, ìkọlù ọkàn àti rọpárọsẹ̀ wọn kò dín ju ti ìdajì kejì lọ. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo kà á. Ohun tí mo rí mú níbẹ̀ ni pé ẹni tí àtọ̀gbẹ ti mú kò lè gbára lé fífọn nìkan, àti pé ó dára kí a tètè bẹ̀rẹ̀. Ètò mìíràn tí èsì rẹ̀ jáde ní 2002, tó kó àwọn 3,234 tí ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ wọn ti ń gòkè ṣùgbọ́n tí kò tíì di àtọ̀gbẹ jọ, ṣe dáadáa jù bẹ́ẹ̀ lọ: láàárín àwọn tí wọ́n fi ìrìn ìṣẹ́jú 150 lọ́sẹ̀ àti oúnjẹ dín ara kù, àtọ̀gbẹ fi ìdá 58 nínú ọgọ́rùn-ún kéré sí ti àwọn tí wọn kò fún ní oògùn gidi, nígbà tí ti àwọn tó lo oògùn metformin fi ìdá 31 kéré. Ẹ̀kọ́ mẹ́rìndínlógún ni wọ́n fi kọ́ ẹnì kọ̀ọ̀kan láàárín oṣù mẹ́fà àkọ́kọ́, pẹ̀lú olùrànlọ́wọ́ tó mọ orúkọ rẹ̀. Mo ń fi mẹ́rìndínlógún yẹn wé ìjókòó ìṣẹ́jú márùn-ún kan àti ìwé pélébé kan.

Ẹgbẹ́ alájọ ni àwa ní. Àwa méjìlá, obìnrin mẹ́sàn-án àti ọkùnrin mẹ́ta, ni à ń dá ájọ ní ọjọ́ Àìkú kọ̀ọ̀kan nínú àgbàlá wa. Mo fi owó ájọ tí mo kó ra ẹ̀rọ ìfúnpá tí wọ́n ń dì mọ́ apá, mo sì ní kí ẹnikẹ́ni tó bá mú owó wá kọ́kọ́ jókòó fún ìṣẹ́jú márùn-ún, kí ó fẹ̀yìn ti àga, kí ẹsẹ̀ méjèèjì kan ilẹ̀, kí ó má sọ̀rọ̀, kí apá rẹ̀ sì wà ní ìwọ̀n àyà rẹ̀. Ọ̀rọ̀ àìsọ̀rọ̀ yìí ló nira jù fún wọn. Iye ẹnì kọ̀ọ̀kan ni mo ń kọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ owó rẹ̀ nínú ìwé ájọ. Ní ọjọ́ kìíní, àwọn márùn-ún ló ju 140/90 lọ, ibi tí a ti ń pè é ní ẹ̀jẹ̀ ríru. Mẹ́rin nínú wọn kò mọ̀ rárá. Nígbà tí iye náà kò wálẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ kejì àti ìkẹta, a rán wọn lọ sí ilé ìwòsàn, ẹni tó ń se oúnjẹ nínú ilé wọn sì bá wọn lọ. Òfin ẹgbẹ́ nìyẹn, èmi ni mo dá a, wọ́n sì gbà á. Ọkùnrin kan nínú wa, tó jẹ́ àna mi, tutọ́ sìgá sílẹ̀ lẹ́yìn tí mo kà fún un pé láàárín ọdún kan péré tí ènìyàn bá ti jáwọ́, ewu àrùn ọkàn rẹ̀ yóò ti sún mọ́ ìdajì ti ẹni tó ṣì ń mu ún. Ó ti padà sí i lẹ́ẹ̀kan. Ó tún ti jáwọ́.

Ìrìn ni a fi kún un. Aago márùn-ún ààbọ̀ ìdájí ni a ń jáde, kí oòrùn tó le, a máa ń rìn lọ sí ẹ̀bá Àkábà Ìdẹ̀nà, ẹnubodè àtijọ́ ìlú Kétu, a sì ń gba ọ̀nà mìíràn padà sílé. Ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, ọjọ́ márùn-ún lọ́sẹ̀, èyí ló jẹ́ 150. Ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, bàbá àgbà kan tó ń gbálẹ̀ ojúde rẹ̀ dá wa dúró, ó ní ènìyàn kì í dédé sáré nínú ẹ̀gún, bí kò bá lé ejò, ejò ń lé e. Èwo ni tiwa? Bàbá Ìbejì ní ejò ló ń lé wa, Bàbá, ejò tó bu bàbá mi ṣán ni. Ẹ̀rín tí a rín kò jẹ́ kí a lè rìn mọ́. Láti ọjọ́ náà, kì í jẹ́ kí a lọ láìjí òun.

A kì í rìn nígbà tí òjò bá ń rọ̀, a kì í sì í rìn nígbà tí ìsìnkú bá wà, ìsìnkú sì pọ̀ ní Kétu. Ibẹ̀ ni gbogbo ètò ti ń fọ́. Ènìyàn kò lè dé ibi ìnáwó kí ó ní òun kò jẹ, ẹran tí wọ́n fi iyọ̀ àti kúùbù rẹ ni, sódàbì, ògógóró tiwa, ń lọ láti ọwọ́ dé ọwọ́, ohun mímu ẹlẹ́rìndòdò tó dùn jù wà fún ẹni tí kò mu ọtí. A ti gbà láàárín ara wa pé ọjọ́ ìnáwó jẹ́ ọjọ́ kan, kò gbọdọ̀ di mẹ́ta. Èmi kò mọ ètò kankan tí wọ́n kọ sínú ìwé tó ní orí kan fún ìsìnkú.

Bàbá Ìbejì ń lo oògùn pẹ̀lú, kóró kan lójúmọ́, nítorí pé ìrìn àti irú nìkan kò mú ti tirẹ̀ wálẹ̀ tó, dókítà sì sọ fún wa, fún àwa méjèèjì ní ọjọ́ yẹn, pé ẹni tó bá ń yí ìṣe rẹ̀ padà kò gbọdọ̀ tìtorí ìyẹn já oògùn rẹ̀ sílẹ̀. Ó fọn ní kílò mẹ́fà. Lẹ́yìn oṣù mẹ́wàá, iye rẹ̀ jẹ́ 136/84.

Ìyá ọkọ mi kò jẹ́ kí a wọn tiwọn ní gbogbo àkókò yìí. Wọ́n ní ẹ̀rọ náà ń fún ènìyàn lápá bí ẹni tó fẹ́ gba nǹkan lọ́wọ́ rẹ̀. Ní oṣù tó kọjá, wọ́n lọ síbi òkú ọ̀rẹ́ wọn kan ní Pobè, wọ́n sì sùn síbẹ̀. Nígbà tí wọ́n dé, wọ́n jókòó sórí àpótí nílé ìdáná, wọ́n mu omi ife méjì, wọ́n sì ń wò mí bí mo ṣe ń ṣa ẹ̀fọ́.

“Ìyàwó mi,” ni wọ́n wí, “iyọ̀ àwọn ènìyàn yẹn pọ̀ o. Omi ni mo ń mu títí ilẹ̀ fi mọ́.”

Mo dákẹ́. N kò fẹ́ rẹ́rìn-ín.

Lẹ́yìn ìgbà díẹ̀, wọ́n ká ọwọ́ aṣọ wọn sókè, wọ́n sì na apá òsì sí mi. Mo ní kí wọ́n sinmi fún ìṣẹ́jú márùn-ún ná, kí wọ́n má sọ̀rọ̀. Wọ́n sọ̀rọ̀. A tún un bẹ̀rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. 154/88 ni mo kọ sínú ìwé ájọ, ní ìlà kẹtàlá, níbi tí kò sí owó kankan lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.